Ẹ̀yìn ta ló kanlẹ̀? Ọ̀rọ̀ lórí ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà nítorí bọ́ọ̀lù tiwọn yẹn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá. Líìgì tí wọ́n wà kì í ṣe èyí tó lórúkọ. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé nígbà kan rí, bí irú ẹgbẹ́ tàwọn bá tiẹ̀ na gbogbo ẹni tó bá wọn pàdé, wọn ò lè di olúborí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àfi ìgbà tí wọ́n dá ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ sílẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Dallas ní irọ́ ni, pé ìdíje yẹn gan-an ló ba eré náà jẹ́, pé kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà. Èmi o, Shooting Stars ni mo dàgbà mọ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n ní ìdíje yìí rárá?" Bàbá kan, Òṣogbo.

Ẹ̀yin bàbá wa l'Óṣogbo, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ yín ló jàre. Ó yẹ kí wọ́n ní ìdíje náà. Ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n ti ní i kí ẹ tó bí i. Ṣùgbọ́n àbúrò yín náà kò jẹ̀bi tán. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí pé ara ọmọ yín gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún dá lé.

Ọdún 19 ni mo fi tọ́jú ara àwọn agbábọ́ọ̀lù ní yunifásítì kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Kì í ṣe èmi ni mo ń kọ́ wọn léré. Èmi ni mo máa ń fi téèpù di ọrùn ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó wọ pápá, èmi náà ni mo máa ń tú u nígbà tí wọ́n bá jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ni mo ti mọ ohun tí mo mọ̀ nípa eré yìí.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Shooting Stars bẹ̀rẹ̀. Ní líìgì ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ 20 ló wà. Oníkálukú á gba ẹnìkejì rẹ̀ lálejò lẹ́ẹ̀kan, á sì lọ bá a nílé lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí eré 38 bá pé, ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù ló gba ife, kò sì sẹ́ni tó máa bá a jiyàn, torí gbogbo wọn ló ti kojú ara wọn. Bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpele tó ga jù, ẹgbẹ́ 134 ló wà níbẹ̀ ní sáà 2024, eré 12 péré sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá kí oṣù Kejìlá tó wọlé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ká ní ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ kan bá pàdé nígbà méjèèjìlá, ó ṣì ku 121 tí kò fojú kàn. Wọn ò sì lè sọ pé kí wọ́n kúkú máa gbá eré púpọ̀ sí i. Eré yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbá lọ́jọ́rú kó tún gbá a lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ọjọ́ mẹ́fà tó kù sì ni wọ́n fi ń kó ara jọ.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ olúborí? Wọ́n ń dìbò ni.

Bí mo ṣe wí yẹn náà ni. Eré àkọ́kọ́ láàárín yunifásítì méjì, Rutgers àti Princeton, wáyé lọ́jọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1869. Ó lé ní 120 ọdún lẹ́yìn náà kí ẹnikẹ́ni tó gbìyànjú láti ṣètò eré kan tí a lè pè ní àṣekágbá. Láti 1936 ni ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press ti ń gba ìbò lọ́wọ́ àwọn akọ̀ròyìn láti to àwọn ẹgbẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Ní 1950 àwọn kọ́òṣì náà bẹ̀rẹ̀ ìbò tiwọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á ti dìbò tán kí wọ́n tó gbá àwọn eré tí wọ́n ń pè ní Bowl, ìyẹn eré ọdún tuntun tí àwọn ìlú bíi Pasadena, Miami àti New Orleans máa ń gbà lálejò. Lọ́dún 1950, wọ́n dé Oklahoma ládé. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní ọdún tuntun, Kentucky nà wọ́n ní 13 sí 7. Lọ́dún 1964, wọ́n dé Alabama ládé. Texas nà wọ́n ní 21 sí 17. Nígbà méjèèjì, adé kò kúrò lórí ẹni tí wọ́n nà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé níbi ìjàkadì nílé wa, ohun kan ṣoṣo là ń bèèrè: ẹ̀yìn ta ló kanlẹ̀? A kì í pe àwọn olùwòran jọ pé kí wọ́n wá sọ ẹni tó jọ pé agbára rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tuntun nígbà tí wọ́n bá na ẹsẹ̀ sórí tábìlì mi. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1966, Notre Dame tó wà nípò kìíní lọ bá Michigan State tó wà nípò kejì ní East Lansing. Eré dé 10 sí 10. Ó ku ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Notre Dame. Gbogbo ayé ń retí kí wọ́n jù ú síwájú. Kọ́òṣì wọn, Ara Parseghian, ní kí wọ́n rọra máa gbé e lọ lẹ́sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ kan títí àkókò á fi tán. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Wọn kì í fi àkókò kún eré nígbà yẹn. Notre Dame kì í lọ sí eré Bowl kankan nígbà náà, òfin tiwọn ni. Michigan State náà ò lè lọ sí Rose Bowl torí líìgì wọn kò gbà kí ẹgbẹ́ kan lọ síbẹ̀ ní ọdún méjì léra. Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Alabama ní tiwọn borí gbogbo eré 11 tí wọ́n gbá lọ́dún náà. Ta ni wọ́n dìbò fún? Notre Dame, ẹgbẹ́ tó jókòó lé ọ̀mì.

Mi ò bá Parseghian wí. Ìbò ló máa sọ ẹni tó gba adé, kì í ṣe eré àṣekágbá kankan, ó sì ṣe ohun tí ìbò kọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí ni ti àwọn ọmọ tó wà lórí pápá, ní ẹgbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n ti fi ara wọn jìn fún ìṣẹ́jú 59 tí wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n gbá ìkẹyìn rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di 1997, nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn mú Michigan, tí àwọn kọ́òṣì mú Nebraska. Àwọn méjèèjì ò pàdánù eré kankan, wọn ò sì bá ara wọn pàdé. Ọba kì í pé méjì láàfin, ṣùgbọ́n méjì ló pé lọ́dún yẹn. Ariwo pọ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun ní 1998 tí wọ́n pè ní BCS (Bowl Championship Series): wọ́n da ìbò pọ̀ mọ́ ìṣirò kọ̀ǹpútà láti fi mú ẹgbẹ́ méjì péré tó máa gbá àṣekágbá. Èyí sàn ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta bá wà tí kò pàdánù, ta ni kó bọ́ sílẹ̀? Lọ́dún 2004, Auburn ló bọ́ sílẹ̀. Wọ́n borí gbogbo eré 13 wọn, USC àti Oklahoma ni wọ́n mú.

Èyí tó jọ ti ọmọ yín jù ni ti Utah ní sáà 2008. Líìgì kékeré ni Utah wà nígbà náà. Wọ́n gbá eré 13, wọ́n borí gbogbo rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn sì ni Alabama tí wọ́n nà ní 31 sí 17 ní New Orleans. Síbẹ̀ Florida àti Oklahoma, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti pàdánù ẹ̀ẹ̀kan, ló gbá àṣekágbá. Kí ni Utah ì bá tún ṣe? Kò sí. Kò sí eré kan tí wọ́n kọ̀ láti gbá. Nítorí náà, bàbá, ohun tí ọmọ yín sọ lórí fóònù kì í ṣe irọ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, àwọn ọ̀gá yunifásítì gbà pé kí ẹgbẹ́ mẹ́rin máa kojú ara wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2014. Ìgbìmọ̀ kan ni yóò jókòó yan mẹ́rin náà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ pàá. Ohio State ni wọ́n fi ṣe ìkẹrin. Virginia Tech ti nà wọ́n nínú ilé ara wọn ní oṣù Kẹsàn-án. Kọ́tábààkì wọn, ìyẹn ẹni tí bọ́ọ̀lù ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tó sì ń darí eré, ti farapa kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó gbapò rẹ̀ dá ọrùn ẹsẹ̀ nínú eré Michigan. Cardale Jones, ẹni kẹta, tí kò bẹ̀rẹ̀ eré kankan rí ní yunifásítì, ni wọ́n wá gbé síwájú. Wọ́n na Wisconsin ní 59 sí 0, wọ́n na Alabama tó wà nípò kìíní ní 42 sí 35, wọ́n na Oregon ní 42 sí 20 ní Arlington, Texas, lọ́jọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2015. Ká ní ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n ṣì ń mú ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé ọmọ yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Sáà yẹn kan náà ni Jay Ajayi, tí wọ́n bí sí London, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá fún wa, ń sáré fún Boise State ní Idaho. Ó sáré 1,823 yáàdì lọ́dún kan, touchdown 28, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ẹni tí à ń bá gbá, ló sì fẹsẹ̀ sá wọlé. Mo máa ń pe àwọn ọmọ Yorùbá tó bá wọ yàrá ìtọ́jú mi wá wo fídíò rẹ̀. Ètò tuntun ti fi àyè kan sílẹ̀ fún olúborí tó dára jù nínú àwọn líìgì kékeré láti lọ sí Bowl ńlá kan, Boise State sì lo àyè yẹn, wọ́n na Arizona ní 38 sí 30 ní Fiesta Bowl. Ṣùgbọ́n Bowl ni o. Ẹnu ọ̀nà àwọn mẹ́rin ṣì wà ní títì fún irú wọn. Ní 2017, UCF ní Florida borí eré 13, wọ́n na Auburn, ẹgbẹ́ tó ti na àwọn méjèèjì tó padà gbá àṣekágbá lọ́dún náà, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Ọdún 2021 ni Cincinnati di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti líìgì kékeré tó wọ inú mẹ́rin.

Mo fẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọdún 2023, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà ò tíì tán nínú mi.

Florida State borí gbogbo eré 13, wọ́n sì gba ife líìgì wọn, líìgì ńlá sì ni. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ẹsẹ̀ Jordan Travis, kọ́tábààkì wọn, ṣẹ́. Àwọn tó kù ò jókòó sunkún. Wọ́n na Florida ní 24 sí 15. Wọ́n gbé ọmọ ọdún àkọ́kọ́ kan síwájú nínú àṣekágbá líìgì, wọ́n na Louisville ní 16 sí 6. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, gbogbo wọn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà sì dojú kọ wọ́n, kí ayé lè rí bí wọ́n ṣe máa fò sókè. Wọ́n ka orúkọ: Michigan, Washington, Texas, Alabama. Texas àti Alabama ti pàdánù ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Florida State bọ́ sí ìkarùn-ún. Àlàyé tí ìgbìmọ̀ ṣe ni pé láìsí Travis, ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń wò bọ̀.

Mo rí ojú àwọn ọmọ náà. Mo mọ ojú yẹn dáadáa, òun ni mo máa ń rí nígbà tí dókítà bá ń sọ fún ọmọ kan pé eékún rẹ̀ ti já nínú: ó ń wo ẹnu dókítà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì wọ etí rẹ̀. Travis kọ ọ́ síta lọ́jọ́ yẹn pé ó wu òun kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òun ti tètè ṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ìgbìmọ̀ lè rí i pé ẹgbẹ́ náà ju òun nìkan lọ. Ọmọ tó wà lórí ibùsùn ló ń fẹ́ kí ìfarapa òun ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde kúrò lórí pápá kò lè ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún 2014 o. Lọ́dún 2014, ìgbìmọ̀ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó ti dé orí kọ́tábààkì kẹta wọlé, ó sì gba ife. Lọ́dún 2023, ìgbìmọ̀ ní ẹgbẹ́ tí kọ́tábààkì rẹ̀ farapa kò lè tó o. Wọn ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, àyàfi kí wọ́n gbá a. Àwọn kan á sọ fún yín pé Georgia na Florida State ní 63 sí 3 ní Orange Bowl lẹ́yìn náà, pé ìgbìmọ̀ ló rí òtítọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ yẹn ni kò gbá eré ọ̀hún rárá. Kí ni wọ́n ń gbá a fún? Ẹ ò lè sọ fún èèyàn pé eré 13 rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan, kẹ́ ẹ tún máa fi ìkẹrìnlá dá a lẹ́jọ́.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó jọ pé ó dára jù àti ẹni tó borí. Àríyànjiyàn ni ti àkọ́kọ́, kò sì lè tán. Ti ìkejì ní ìdáhùn, pápá ni ìdáhùn rẹ̀ sì wà. Ìdí tí mo fi fara mọ́ ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ nìyẹn. Mi ò sọ pé ẹni tó dára jù ló máa ń gbà á o. Mo sọ pé ẹni tó bá na gbogbo ẹni tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kan, bó ti wù kó tóóró tó.

Ọ̀nà yẹn fẹ̀ sí i ní 2024, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ́ 12. Ní sáà 2024 àti 2025, olúborí líìgì márùn-ún tó wà nípò gíga jù ní àyè tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ á wá yan méje kún un. Mẹ́rin tó ṣíwájú á sinmi ní ìpele àkọ́kọ́, ipò karùn-ún sí ìkẹjọ á gba àlejò nílé ara wọn. Eré àkọ́kọ́ pàá wáyé lọ́jọ́ 20 oṣù Kejìlá ní South Bend: Notre Dame na Indiana ní 27 sí 17. Indiana, ẹgbẹ́ tí Adewale Ogunleye tiwa gbá fún láti 1996 sí 1999, ìgbà tí wọ́n ń pàdánù ju bí wọ́n ṣe ń borí lọ. Ní sáà tó tẹ̀lé e, Indiana padà wá, wọ́n borí gbogbo eré 16, wọ́n sì na Miami ní 27 sí 21 lọ́jọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ipò kẹwàá ni Miami yẹn wà nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rìn dé àṣekágbá.

Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àbúrò yín. Ohun tó ń sọ ni pé láyé àtijọ́, bí ẹgbẹ́ kan bá pàdánù ẹ̀ẹ̀kan péré, ó lè parí nìyẹn, torí náà Sátidé kọ̀ọ̀kan máa ń wúwo bí òkúta. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Michigan tó ti gbọgbẹ́ púpọ̀ lọ́dún náà lọ na Ohio State ní Columbus, 13 sí 10. Láyé àtijọ́, sáà Ohio State ti tú nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n na Notre Dame ní 34 sí 23 ní Atlanta, tí wọ́n sì gbé ife. Ó ta ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Mo gbà pé ohun kan sọnù níbẹ̀. Eré Michigan àti Ohio State ti ju 100 ọdún lọ, kò sì yẹ kó di ohun tí èèyàn máa pàdánù kó sì tún máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni wọ́n gba ife yẹn. Ìpàdánù yẹn ló gba àṣekágbá líìgì lọ́wọ́ wọn, òun ló sì sọ wọ́n di ìkẹjọ. Láti ibẹ̀, wọ́n ní láti na Tennessee, kí wọ́n na Oregon tó ti nà wọ́n ní oṣù Kẹwàá tí kò sì tíì pàdánù rárá, kí wọ́n na Texas, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Notre Dame. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àwọn ìlú kéékèèké tí sáà wọn máa ń kú ní oṣù Kẹsàn-án tẹ́lẹ̀ ń retí nǹkan títí di oṣù Kejìlá báyìí. Bí mo bá gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n, mo mọ èyí tó tẹ̀.

Èyí tí mi ò gbà rárá ni ti àwọn tó ń sọ pé ìdíje máa dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìdánwò. Àwọn ọ̀gá yunifásítì sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé àwọn ọmọ tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìdánwò ni? Ìpele kejì àti ìkẹta ti ní ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ láti 1973, èyí tó tẹ̀lé ti òkè pátápátá sì ti ní in láti 1978. Láti ibẹ̀ ni Appalachian State ti wá. Wọ́n gba ife ìpele tiwọn ní 2005 àti 2006, wọ́n wá lọ bá Michigan ní Ann Arbor lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2007 níwájú èrò tó lé ní 100,000, wọ́n sì nà wọ́n ní 34 sí 32.

Wàyí o, ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí.

Alabama ọdún 1966 gbá eré 11. Michigan ọdún 1997 gbá 12. Lọ́dún 2024, Ohio State, Notre Dame àti Penn State gbá 16 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹgbẹ́ kan bá gbá àṣekágbá líìgì rẹ̀ tí kò sì rí ìsinmi ìpele àkọ́kọ́, 17 ló máa gbá kó tó gbé ife. Lórí ìwé, nọ́ńbà lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá ìtọ́jú lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a máa ń ṣílẹ̀kùn. Àwọn géńdé iwájú ló máa ń kọ́kọ́ dé, àwọn tó ń fi àyà ko àyà ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gbéra. Ọmọ kan wà tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́rin, ó ga, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ní oṣù Kẹsàn-án, á wọlé á bọ̀ mí lọ́wọ́. Tó bá di oṣù Kọkànlá, ọwọ́ rẹ̀ á ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ká ìka kò. Kò lè di bíìrò mú. Mo máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ korobá yìnyín, á dijú, á máa ka iye ìṣẹ́jú tó kù sókè. Lẹ́yìn náà mo máa fi téèpù so ìka méjì méjì pọ̀, á sì lọ sí kíláàsì, á lọ máa fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà. Sáà tó gbá eré 12 ni mo ń sọ fún yín yìí. Ẹ fi mẹ́rin kún un.

Mo bẹ àwọn ọ̀gá wa nígbà yẹn pé kí wọ́n dín ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń kọlu ara wọn nínú ìgbaradì kù bí sáà bá ti ń lọ sópin. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn máa rò ó. Mo kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó rò ó tán.

Owó sì wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ló ni ìdíje ìpele òkè yìí. Àwọn líìgì fúnra wọn ló ni ín. Àdéhùn tí wọ́n bá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN ṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2026 tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 dọ́là lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Bí iye owó bá tó báyẹn, ẹnu á máa yọ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé kó di ẹgbẹ́ 16, àwọn mìíràn ń dárúkọ 24. Níbí ni èmi ti dúró. Méjìlá tó. Ẹgbẹ́ tó bá wà nípò ogún kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ bíi ti Utah. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tọ́jú méjìlá náà bó ṣe yẹ, kí wọ́n yọ eré kan kúrò nínú 12 ti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, èyí tí ẹgbẹ́ ńlá fi ń sanwó fún ẹgbẹ́ kékeré kó wá jẹ ìyà, tàbí kí wọ́n pa àṣekágbá líìgì rẹ́. Kí wọ́n má fọwọ́ kan àyè olúborí líìgì márùn-ún o. Ní sáà 2025, Tulane àti James Madison lo àyè yẹn, wọ́n nà wọ́n ní ìnà ńlá ní ìpele àkọ́kọ́, ariwo sì ta pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ irú wọn. Àyè ọmọ yín ni wọ́n ń sọ yẹn, bàbá. Tí wọ́n bá gbà á, a ti padà sí 2008.

Ti àwọn ọmọ fúnra wọn ńkọ́? Láti 2025, lẹ́yìn ẹjọ́ kan tí wọ́n parí nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, yunifásítì lè san owó fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ tààrà, tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lápapọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ó tọ́, ó sì ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ yín ń lò, òfin físà yẹn sì le lórí iṣẹ́ àti owó. Kó má fọwọ́ sí ìwé owó kankan kó tó bi ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì rẹ̀ léèrè, kó sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹ tún sọ fún un pé láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, òfin NCAA ti ní kí yunifásítì ìpele àkọ́kọ́ (Division I) máa sanwó ìtọ́jú ìfarapa tí ọmọ bá ní nínú eré, ó kéré tán fún ọdún méjì lẹ́yìn tó bá kúrò níbẹ̀. Ọdún méjì yẹn ò ní wúlò fún un bí kò bá sí àkọsílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá dùn ún, kó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì gba ẹ̀dà rẹ̀. Tí orí rẹ̀ bá fọ́ lẹ́yìn ìkọlù, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gún un lójú, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ eré àṣekágbá ni. Àwọn ọmọ tiwa kì í fẹ́ sọ. Wọ́n máa ń rò pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ àwọn, pé bàbá ti ná owó ìwé ìrìnnà, pé ojú á ti ìyá. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè mú ẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀, ẹ sì ní láti sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé lẹ́yìn eré lọ́jọ́ Sátidé lẹ máa ń pè é. Ẹ máa pè é lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà, ẹ ní kó tan fídíò. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kó ká ìka rẹ̀ kò níṣojú yín. Tí kò bá lè ká a, ẹ ní kó gba yàrá ìtọ́jú lọ kó tó lọ sí kíláàsì, kẹ́ ẹ má sì pa fóònù títí á fi débẹ̀.